Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ LẸ́TÀ Ẹ: Ẹ̀MÍ KÌ Í ṢE ÈMI

Ẹ̀yin ará ọ̀wọ́n ní Tchaada, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí: Ẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ohun kékeré ni. Ẹ ka ìwé Onídàájọ́ orí 12, kí ẹ wo iye ènìyàn tí ó kú létí odò Jọ́dánì nítorí ìró kan tí ẹnu wọn kò lè pè.

Ẹ nìkan tó ọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó bá jí tí ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé "Káàárọ̀" láìfi Ẹ ṣáájú, ẹ ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ẹ tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan náà ni a fi ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn: "Ẹ dìde." Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sẹ́yìn, "Mo rí ẹ," ẹgbẹ́ ẹni tàbí ọmọdé là ń bá wí. Bíbélì Yorùbá kò sì fi Ẹ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ rárá. Ìwọ ni ó ń lò.

Lẹ́tà àwọn ará Róòmù ni a yá lò, e kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ méjì ni ti Yorùbá. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn míṣọ́nárì ń kọ èdè wa sílẹ̀, wọ́n fi àmì sí abẹ́ èyí tí a ń la ẹnu pè. Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí ìwé rẹ̀ lórí lẹ́tà jáde ní 1855, fara mọ́ àmì abẹ́ bẹ́ẹ̀. Orí lẹ́tà wá ṣófo fún àmì ohùn. Ní 1875 àwọn míṣọ́n pé jọ sí Èkó lórí ìkọ̀wé Yorùbá. Ní 1884 odindi Bíbélì parí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Benin, ìgbìmọ̀ èdè orílẹ̀-èdè yan ɛ ní 1975. Ɛ̀mí tí wọ́n kọ níhìn-ín àti ẹ̀mí tí wọ́n kọ ní Nàìjíríà, ọ̀kan náà ni.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Èdè Faransé ni àwọn ọmọ wa fi kọ́ ìwé. Àmì orí lẹ́tà Faransé kì í ṣe ti ohùn, bí ẹnu ṣe là ni ó ń sọ. Ẹ wo pátákó ojú ọ̀nà: è tó kẹ́yìn Pobè, ẹ ni, é inú Sakété, e ni. Nítorí náà bí ọmọ bá rí "èmi" nínú ìwé Yorùbá, ó ń la ẹnu, ó ń pè é bí ẹni ń pe ẹ̀mí. Kì í ṣe olódo. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ohùn lè gbà wá sílẹ̀, nítorí mí ti ẹ̀mí ga ju mi ti èmi lọ. Ṣùgbọ́n orin ńkọ́? Bí ohùn orin bá ti òkè òkun wá, ó ń gbé ọ̀rọ̀ sókè sódò bó ṣe wù ú, a ò gbọ́ àmì ohùn mọ́. Ẹnu tí a là nìkan ló kù. Ẹni tí ó ń pe Ẹ̀mí Mímọ́ tí kò lanu, ara rẹ̀ ni ó ń pè ní mímọ́ níwájú ìjọ. Ẹ̀yin olùkọ́ akọrin, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ ka orin láìkọ ọ́, e àti ẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó lu agogo.