Akíntọ́lá-Takú: Èpò tí Ó Gba Oko Baba Wa

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kò jìnnà sí ilé rárá. Bí a bá jáde ní Ìlaròó tí a kọrí sí Ọ̀jà-Ọ̀dàn tàbí Ayétòrò, ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí ó ga ju orí ènìyàn lọ, tí òórùn rẹ̀ máa ń le bí a bá fi ọwọ́ ra á. Bí àdá bá ṣá wa lẹ́sẹ̀ lóko, òun ni a máa ń já, tí a ó fún omi rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Akíntọ́lá-takú ni àwọn baba wa ń pè é. Àwọn mìíràn ní ewé Awólọ́wọ̀ ni. A gbọ́ pé ìgbà tí ìjà òṣèlú gbóná ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1962, tí wọ́n ní kí Olóyè S. L. Akíntọ́lá fi ipò sílẹ̀, tí ó sì kọ̀ jálẹ̀, ni orúkọ náà ti jáde. Ẹni tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti roko rí, nítorí bí a ti ń gé e ni ó ń hù.

Kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, láti àwọn erékùṣù Kàríbíánì dé Gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ kọ ọ́ pé inú irúgbìn igi gimẹ̀lína tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ní nǹkan bí 1937 ni èso rẹ̀ fara pamọ́ sí dé Nàìjíríà, agbègbè Enugu ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i. Ìjọba ń wá igi tí yóò yára dàgbà fún igbó ọba, ó gba èpò mọ́ ọn. Láti ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e kiri.

A kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àgbẹ̀ púpọ̀ máa ń yìn ín, pé ewé rẹ̀ tí ó ń já bọ́ ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá, àti pé ó máa ń lé ẹ̀kan lọ. Ẹni tí ó bá ti fi ọkọ́ wa gbòǹgbò ẹ̀kan rí yóò mọ̀ pé oore ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti fẹ́ kí igbó padà di igbó, tí a fẹ́ kí ìrókò àti afàrà dìde, ọ̀tá ni. Ó máa ń bo ọmọ igi mọ́lẹ̀ kí ó tó rí oòrùn. Màlúù kì í jẹ ẹ́. Tata aláwọ̀ mèremère tí ó ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa ní ọ̀gbẹlẹ̀ fẹ́ràn òdòdó rẹ̀. Májèlé inú òdòdó náà ń di ààbò fún tata náà àti fún ẹyin rẹ̀.

Èyí tí ó kan àwa ọ̀dọ́ jù ni ti ilẹ̀ ẹbí. Àwọn òbí wa ń dàgbà, ọ̀pọ̀ wa wà ní Èkó tàbí ní ilé-ìwé gíga. Oko tí a fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta péré, pèrègún tí wọ́n fi pààlà rẹ̀ kò ní hàn mọ́. Nígbà tí a bá wá fẹ́ pín ogún, ẹjọ́ ni, tàbí kí ẹnìkan ní kí a kúkú tà á.

Ìmọ́lẹ̀ ni agbára èpò yìí. Kò lè gbé abẹ́ òjìji tí ó dúdú. Nítorí náà, ẹni tí ó gé e tí kò fi nǹkan rọ́pò rẹ̀ kàn ń gé irun ni.

Àkókò sì ṣe pàtàkì ju agbára lọ. Ìparí ọdún ni ó máa ń tanná, tí èso rẹ̀ yóò gbẹ nígbà ọyẹ́, tí yóò máa fò bí òwú. Kí oṣù kẹwàá tó parí ni kí a ti ṣán an. Bí a bá dúró di ìgbà tí èso gbẹ, bí a ti ń ṣán an ni a ń bá a gbin ti ọdún tí ń bọ̀. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí ilẹ̀ rọ̀, kí a fi ọkọ́ hú kùkùté rẹ̀ kúrò. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ọwọ́ lásán tó fà á. Èso rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, nítorí náà kí a gbọn aṣọ wa kí a tó kúrò lóko.

Iná kò ṣe é. Kùkùté kì í kú nínú iná, ọmọ igi ni ó ń kú, ilẹ̀ á sì tún mọ́lẹ̀ fún èpò. Iná ọyẹ́ kì í mọ ààlà. Ó lè wọ oko obì tàbí ọ̀pẹ ọmọnìkejì wa, ẹ̀tọ́ rẹ̀ á sì wà lọ́rùn wa.

Lẹ́yìn tí a bá ti ṣán, kí a fi ọ̀pá sàmì sí ìdí gbogbo ọmọ ìrókò, afàrà tàbí ayùnrẹ́ tí a bá rí, kí àdá má baà gé e nígbà ìtúnṣe. Ibi tí kò bá sí igi, kí a gbìn, kí ẹ̀gúsí sì bo ààrin wọn ní ọdún àkọ́kọ́. Àwọn tí baba wọn gbin tíìkì, bí wọ́n bá ta igi náà, kùkùté rẹ̀ á rú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka. Ọ̀kan tàbí méjì tí ó lágbára ni kí wọ́n fi sílẹ̀.

Ní Gánà, ní àwọn ọdún 1990, wọ́n tú labalábá òru kan sílẹ̀ tí ìdin rẹ̀ ń jẹ ewé yìí, ó sì dín in kù níbẹ̀. Wọ́n ti dán an wò ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n kò gbilẹ̀. Àdá àti ọkọ́ ni tiwa.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìsinmi tí ń bọ̀ yìí, kí ó má ṣe kọjú sí ibi tí èpò ti pọ̀ jù. Ẹ̀bá ibi tí igi ńlá ṣì wà ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí òjìji ti ń ràn án lọ́wọ́, kí ó máa bọ̀ síta díẹ̀díẹ̀. Púlọ́ọ̀tì kan lọ́dún ti tó, bí a bá lè padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.