Bí A Ṣe Lè Mú Kí Àwọn Ọmọ Kàwé ní Àkókò Ìsinmi Ńlá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti ìhà gbogbo ilẹ̀ Gánà wá kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Kumasi yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ kí ẹ tó túká lọ sí ẹnu iṣẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àwọn ọ̀sẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń wà ní títì ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa rò pé àkókò náà kò kan àwọn. Èmi pẹ̀lú ti rò bẹ́ẹ̀ rí, kí ojú mi tó là.

Àwọn ọmọ tí mo ní lọ́kàn ni àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 12 sí 15. Ní ilẹ̀ Gánà, Middle School ni irú wọn ń lọ láyé àtijọ́. Láti ọdún 1987 ni ètò tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ́pò rẹ̀, Junior High School sì ni a ń pe ilé-ẹ̀kọ́ wọn lónìí. Orúkọ yí padà, ọmọ kò yí padà. Ó ti kọjá ẹni tí à ń kọ́ ní a-b-d, kò sì tí ì di àgbà tí í wá ìwé fún ara rẹ̀. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Kí ni ọmọ ń pàdánù bí kò bá kàwé nígbà ìsinmi? Ní ọdún 1996, Harris Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 39 jọ lórí ọ̀ràn yìí. Wọ́n rí i pé, bí a bá pín in dọ́gba, ohun tí ọmọ mọ̀ a máa rẹ̀yìn ní ìwọ̀n ẹ̀kọ́ oṣù kan. Ní ti ìwé kíkà, àwọn ọmọ tálákà ni ó ń rẹ̀yìn jù. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti jiyàn lẹ́yìn náà lórí bí àdánù náà ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ni ní Gánà ti fi ojú ara wa rí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2020 ni a ti ilé-ẹ̀kọ́ nítorí àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ kò sì padà sí kíláàsì títí di oṣù kìíní ọdún 2021. Ọmọ tí ìwé wà ní ilé rẹ̀ àti ọmọ tí kò ní ìwé kò padà dé bákan náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi fún yín. Ọdún kejì tí mo di olùkọ́ ni mo kọ́kọ́ dán ọ̀ràn yìí wò. Mo kọ orúkọ ìwé mẹ́fà sí ojú pátákó, mo pàṣẹ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kà wọ́n, kí ó sì kọ àkótán wọn wá. Mo fi pàṣán dẹ́rù bà wọ́n pẹ̀lú. Nígbà tí a wọlé, àkótán pé sórí tábìlì mi, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kà wọ́n lọ, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ọmọ mọ́kànlá kọ, àṣìṣe kan náà sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Mo fi ìbínú pe ọmọbìnrin kan nínú wọn.

Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Sà, kò sí ìwé nílé wa. Ìsọ̀ màmá mi ni mo ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Orúkọ ìwé ni mo fún wọn, n kò fún wọn ní ìwé.

Nígbà tí ìsinmi ọdún kejì kù sí dẹ̀dẹ̀, mo lọ bá ìyá ọmọ náà ní ọjà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìkòkò àti abọ́ ni ó ń tà.

Mo ní, “Ẹ kú ọjà o, Ìyá.”

Ó dáhùn pé, “Ẹ káàbọ̀, Tíṣà. Ṣé kò sí o? Ṣé ọmọ mi ṣẹ̀ yín ni?”

Mo ní kò ṣẹ̀ mí, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ojú ọmọ yìí bá wà nínú ìwé, ta ni yóò máa wo olè?”

Èsì kò tètè dé ẹnu mi, nítorí òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Nígbà tí ó pẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé ní ọ̀sán, nígbà tí ọjà bá dá, kí ọmọ náà máa kàwé sí i létí. Ní kíláàsì, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Twi ni à ń kà, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti kọ́ kíka Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nítorí náà ni mo fi yá a ní Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Ìyá náà kò mọ̀wé, síbẹ̀ òun ni ó wá ń bi ọmọ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán pé, “Níbo ni a dé?” Nígbà tí a wọlé, ọmọ náà wá bá mi, ó ní, “Sà, màmá mi ní kí n bi yín bóyá bàbá yẹn kọ òmíràn.” Mo fún un ní Igbó Olódùmarè.

Láti inú èyí ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́rin.

Èkínní: ẹ fi ìwé lé ọmọ lọ́wọ́. Ilẹ̀ Gánà mọ èyí tipẹ́. Nígbà tí Àjọ Ilé-Ìkàwé ilẹ̀ Gold Coast bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1950, lábẹ́ Evelyn Evans, wọn kò jókòó de òǹkàwé nìkan. Wọ́n fi ọkọ̀ kó ìwé lọ bá àwọn ènìyàn ní ìgbèríko. Àpótí kan tí ogójì ìwé wà nínú rẹ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì kan.

Èkejì: ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ìwé. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, Richard Allington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí àwọn ọmọ tálákà yan ìwé 12 lọ́fẹ̀ẹ́ kí ìsinmi tó dé, fún ọdún mẹ́ta léra. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2010 fi hàn pé àwọn ọmọ náà mọ ìwé kà ju àwọn tí kò rí ìwé gbà. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kéré ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ó wu ni ni a ń jẹ yó, bí a kéré, bí a dàgbà.

Ẹ̀kẹta: kí ilé-ẹ̀kọ́ tó padé ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó gbẹ̀yìn, ẹ máa kàwé sí wọn létí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́, kí ẹ sì dúró níbi tí ó dùn jù. Ọmọ Àṣáńtì tí ó ti gbọ́ ìtàn Anansi ní ilé àti ọmọ Yorùbá tí ó mọ Ìjàpá yóò jọ fẹ́ mọ ibi tí ọgbọ́n àrékérekè já sí.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má ṣe béèrè àkótán. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí a kò lè dà kọ, irú bíi: “Ta ni ìwọ ìbá fi ṣe ọ̀rẹ́ nínú ìwé yìí, kí ni ìdí rẹ̀?” Kí wọ́n fi ẹnu dáhùn láàárín ẹgbẹ́ wọn.

Ẹnì kan lè wí pé, “Ìwé yóò sọnù.” Bẹ́ẹ̀ ni, yóò sọnù. Nínú ogójì ìwé tí mo yá wọn ní ọdún náà, mẹ́rin kò padà, epo pupa sì ba ọ̀kan jẹ́. Ọ̀gá mi bá mi wí, mo sì fi owó ara mi rọ́pò méjì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ kan wà tí kò ṣí ìwé tiwọn rárá. N kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìwé tí a tì mọ́ inú àpótí kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, bí ẹ bá dé ibi tí a bá rán yín sí, ẹ má wulẹ̀ ti ilẹ̀kùn kíláàsì kí ẹ sì máa lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń jáde, bóyá ìwé wà níbẹ̀.