Ọjà Wo Ni Ká Tà? Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́ Tó Fẹ́ Ṣí Ìsọ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà ló ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lóde òní, ọ̀nà tuntun kan ti wọ ọjà, kò gba Lágèrè, kò sì gba Ṣábó. Inú fóònù ló gbà. Ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lè tajà fún ẹni tó wà ní Kánò tàbí Àbújá, kí owó sì ti wọ báńkì kí ọjà tó gbéra. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ fi fẹ́ yáwó láti ṣí ìsọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú ló máa ń kẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ ṣòwò á kọ́kọ́ béèrè pé, “Èló lẹ lè yá mi?” Lẹ́yìn tí owó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni yóò wá máa wá ohun tí yóò tà. Nígbà púpọ̀, ohun tó rí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ni yóò rà. Bí ọjà náà kò bá tà, ẹ̀yáwó kò ní dúró dè é. Oṣù á pé, owó á sì tó san. Bí kò bá rí i san, àwọn onídùúró rẹ̀ ni a ó máa wò lójú. Owó tí a sì ń yá ara wa yìí, kì í ṣe owó ìjọba. Owó ìyá aláta ni, owó tíṣà ni, owó àgbẹ̀ oníkòkó ni.

Nítorí náà ni a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí. Kókó rẹ̀ kò ju kan lọ: ọjà tó lè rin ìrìn àjò láìbàjẹ́, tí èrè sì kù lórí rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò náà, ni ká yàn, ká sì fi díẹ̀ dán an wò ká tó yáwó lé e lórí.

OHUN TÍ ÀWỌN TÓ ṢÁÁJÚ ṢE

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Ifẹ̀. Ní Igbó Olókun, àwọn baba ńlá wa ń fi dígí ṣe ìlẹ̀kẹ̀ láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2017. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Irú dígí Ifẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ti rí títí dé Gao ní ilẹ̀ Mali. Kí ló mú ìlẹ̀kẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ó kéré lọ́wọ́, ó níye lórí, kì í rà, kì í sì í ṣe gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ká ní ẹ̀kọ tútù ni wọ́n dì lẹ́rù ni, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ìrìn àjò náà ìbá parí sí.

Ẹ jẹ́ ká tún wo àwọn ará Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ayé ń tọ ipasẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù December 1844 ni wọ́n ṣí ìsọ̀ wọn ní òpópónà Toad Lane. Ọmọ ẹgbẹ́ bíi 28 ni wọ́n, owó tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ £28. Wọn kò kó ọjà kún ìsọ̀. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun ọkà óótì àti àbẹ́là díẹ̀ ni wọ́n tà. Ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ń lò lójoojúmọ́ nìyẹn. Ní àkókò náà, àwọn oníṣòwò a máa bu àbùlà mọ́ oúnjẹ. Ti Rochdale kò ní àbùlà, ìwọ̀n wọn sì pé. Nígbà tí ìdí ìsọ̀ náà dúró ni wọ́n tó fi ọjà mìíràn kún un.

Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Jeff Bezos fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 1994, ó kọ irú ọjà 20 sílẹ̀, ó ń yọ wọ́n kúrò títí ó fi ku ìwé. Oṣù July 1995 ni Amazon ṣí ìsọ̀. Ìwé kì í jẹrà, kì í sì í fọ́. Ẹni tó rà á láìfojú rí i mọ ohun tó ń bọ̀ dájú, nítorí ẹ̀dà ìwé kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Nílé níhìn-ín, nígbà tí Konga bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ọjà ọmọdé àti ohun ìtọ́jú ara ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà, Èkó nìkan ni wọ́n sì ń tà á fún.

Ẹ ó rí i pé kò sí ìkankan nínú wọn tó fi ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ ni wọ́n mú, wọ́n sì mọ ìdí tí wọ́n fi mú un.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN TÓ YẸ KÁ BI ỌJÀ

Ìkínní: Ta ni yóò rà á, kí ló dé tí kò ní rà á nítòsí rẹ̀? Kò sí ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ lórí gaàrí nígbà tí aláàárí wà ní oríta àdúgbò rẹ̀. Ohun tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, tó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á, ni ká máa wá. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbára lé àwọn ọmọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nìkan, kó rántí pé bí wọ́n bá gba ìsinmi, tàbí tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró níbẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ á padà sílé wọn. Kí ni yóò máa tà títí wọn yóò fi dé?

Ìkejì: Ṣé yóò gúnlẹ̀ láyọ̀? Inú mọ́tò ni ọjà yóò wà, ẹrù mìíràn á wà lórí rẹ̀, oòrùn á pa á, ó sì lè sùn sí gáréèjì. Tòmátì kò lè fara da èyí. Epo pupa lè jò sórí ẹrù ẹlẹ́rù. Èlùbọ́ kì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó wúwo, owó ọkọ̀ rẹ̀ sì lè fẹ́ẹ̀ tó owó rẹ̀. Ohun tó kéré lọ́wọ́, tó níye lórí, ló bá ọ̀nà yìí mu jù.

Ìkẹta: Èló ló kù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i. Ká ní ẹnìkan ra bàtà mẹ́wàá ní Èkó ní ₦8,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fẹ́ tà á ní ₦12,000, kó sì jẹ́ òun ni yóò san owó ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Lójú rẹ̀, èrè ₦40,000 ti délẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rí gan-an:

Owó bàtà mẹ́wàá: ₦80,000
Owó ọkọ̀ láti Èkó dé Ifẹ̀: ₦5,000
Ọ̀rá àti páálí tó fi dì í: ₦2,000
Ìpolówó àti dátà: ₦6,000
Owó ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà mẹ́wàá, ₦1,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦15,000
Owó ọkọ̀ àbọ̀ bàtà méjì tí kò bá ẹsẹ̀ mu: ₦3,000
Àpapọ̀ ìnáwó: ₦111,000
Owó bàtà mẹ́jọ tó tà: ₦96,000

Owó tó jáde fi ₦15,000 ju èyí tó wọlé lọ. Bàtà méjì tó padà wá tó ₦16,000 ní iye tó rà wọ́n. Gbogbo èrè rẹ̀ kò ju ₦1,000 lọ, inú bàtà tí kò tíì tà ló sì wà. A kò tíì ka èlé ẹ̀yáwó, a kò sì tíì ka wàhálà rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni iye owó wọ̀nyí. Kí oníkálukú fi iye tó wà lọ́jà lọ́jọ́ tó bá ṣírò rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n kó má yọ ìlà kankan kúrò, pàápàá jù lọ ìlà àbọ̀. Ohun tó ní nọ́ńbà ẹsẹ̀ tàbí ìwọ̀n ara a máa padà wá ju ohun tó bá gbogbo ènìyàn mu lọ.

Ìkẹrin: Ṣé bákan náà ni yóò máa rí? Ní Ọjà Ifẹ̀, oníbàárà á fọwọ́ pa aṣọ, á tọ́ oyin wò, á sì wo ojú ẹni tó ń tà á. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú kò pàdé ojú. Àwòrán nìkan ló rí. Bí ohun tó gbà kò bá jọ àwòrán, òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní orílẹ̀-èdè wa fún un láyè láti dá a padà kó sì gba owó rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a mọ̀ dénú ni ká tà. Ẹni tí kò lè fi ojú dá àdìrẹ tí wọ́n rẹ sínú aró mọ̀ yàtọ̀ sí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí, kó má tíì pe ara rẹ̀ ní aládìrẹ.

Ìkarùn-ún: Kí ni òfin wí? Oúnjẹ tí a dì sínú ọ̀rá tàbí ìgò, oògùn, ọṣẹ àti ìpara gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993. Orúkọ òwò náà yẹ ní fífi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Kí a mọ iye tí èyí yóò náni ṣáájú, kó má di pé ọjà ti kún ilé ká tó máa béèrè.

Ẹ JẸ́ KÁ FI ỌṢẸ DÚDÚ ṢE ÀPẸẸRẸ

Ilẹ̀ oníkòkó ni ilẹ̀ wa. Èèpo kòkó tí à ń dà nù lóko, eérú rẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ àdín tàbí epo láti fi se ọṣẹ dúdú. Ẹ jẹ́ ká bi ọṣẹ yìí ní ìbéèrè wa. Àwọn tó ń wá a wà káàkiri, ẹni tó bá rà á tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn yóò tún padà wá nígbà tó bá tán. Kò wúwo, kì í sì í ní nọ́ńbà ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ta ẹyọ kan ní ₦800, kò sí ẹni tí yóò san ₦1,500 owó ọkọ̀ lé e. Bí a bá di mẹ́fà papọ̀ ní ₦4,800, owó ọkọ̀ tó bọ́ sórí ẹyọ kan kò ju ₦250 lọ.

Ó ní ìṣòro tirẹ̀ náà. Ọṣẹ dúdú a máa fa omi, á sì rọ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Ọwọ́ tó sè é lónìí àti èyí tí yóò sè é lóṣù tó ń bọ̀ lè má ṣe é bákan náà. Àwọn mìíràn tó ń tà á sì pọ̀. Èyí tó wá le jù ni ti nọ́ńbà NAFDAC, tí agbára ẹnìkan lè má ká. Níbí ni àǹfààní ẹgbẹ́ ti hàn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ohun tí owó ẹnìkan kò ká, bí ọmọ ẹgbẹ́ 20 bá dá a, tí wọ́n fi orúkọ kan tà, tí wọ́n sì ní ìwọ̀n kan náà, yóò ṣeé ṣe. A kò sọ pé ọṣẹ ni kí gbogbo wa lọ tà o. Bí a ṣe ń ṣe ìdánwò ọjà la fi hàn yín.

DÍẸ̀ LÁ FI Ń DÁN AN WÒ

Kọ orúkọ ọjà márùn-ún sínú ìwé. Bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè márààrún, kí o sì fa igi lé èyí tó bá kùnà. Nínú èyí tó kù, mú ẹyọ kan. Fi owó ara rẹ ra tàbí kí o ṣe ìwọ̀nba mẹ́wàá péré. Ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, gbé e sórí WhatsApp tàbí Facebook, kí o sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tà á. Kọ gbogbo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀, títí kan owó ọ̀kadà. Má ka àwọn tó ní “Ó mà dára o” mọ́ oníbàárà. Ẹni tó sanwó ni oníbàárà, ẹni tó sì padà wá rà á lẹ́ẹ̀kejì ni ẹlẹ́rìí.

Àbá wa nìyí fún àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó: kí ẹ máa béèrè ìwé ìṣirò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ yáwó fún òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan lè sọ pé ó le jù, pé ọjà lè kọjá lọ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé. Ṣùgbọ́n ọjà tí kò lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, báwo ni yóò ṣe dúró títí a ó fi san ẹ̀yáwó oṣù méjìlá tán? Bí ìdánwò bá kùnà, owó bàtà tàbí ọṣẹ mẹ́wàá ló lọ, onídùúró kankan kò sì ní sùn láìfojú kan oorun.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ló wà lọ́pọ̀ ní àdúgbò wa tó ṣọ̀wọ́n níbòmíràn, tó sì lè rin ìrìn àjò láìbàjẹ́?
2. Bí ẹni tó ta bàtà bá ní kí oníbàárà san owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, báwo ni ìṣirò náà yóò ṣe rí? Ṣé wọn yóò ṣì rà á?
3. Ọjà wo ni ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá lè jọ rà tàbí jọ ṣe, tí ẹnìkan kò lè dá ṣe?
4. Ṣé ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa gba àbá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí? Kí akọ̀wé kọ èsì yín sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ yan ọjà, kí owó tí a fi òógùn kó jọ má bàa bá a lọ. Ajé á wọlé wá o.