Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀ fún Ìkànnì Ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ Alájùmọ̀ṣàkóso: Àpẹẹrẹ Àjọ ní Ògùnpa

1. Ìfáárà

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí orúkọ tí ó yẹ oríṣi ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ kan tí a fi ìmọ̀ blockchain kọ́. Nínú ìkànnì tí ó wọ́pọ̀, iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ni ìwé àkọsílẹ̀, òun ni ó sì ń pinnu ẹni tí yóò wọlé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní ju ilẹ̀kùn kan lọ. Láti 5 oṣù kẹfà 2021 títí di 13 oṣù kìíní 2022 ni Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ti ilẹ̀kùn Twitter pa. Nínú ìkànnì tuntun yìí, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń tọ́jú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ kan náà. Nítorí èyí, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí olùtumọ̀ lọ́kàn ni aláìlólórí. Ọ̀rọ̀ náà ń ṣini lọ́nà.

2. Àkọsílẹ̀ àti àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀

Àjọ ni àpẹẹrẹ tí yóò tètè yé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Bí oníṣòwò kan ní Ògùnpa bá ń dá àjọ lójoojúmọ́, alájọ a máa sàmì sí káàdì rẹ̀, a sì tún máa kọ iye náà sínú ìwé tirẹ̀. Bí ìwé bá sọnù, káàdì wà. Bí alájọ bá yí iye padà, káàdì yóò ta kò ó. Àǹfààní ẹ̀dà nìyí. Nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ilé ní 31 oṣù kẹjọ 1980, ìwé tí omi bá nílé, tí kò sì ní ẹ̀dà níbòmíràn, kò sí ohun tí ó lè rọ́pò rẹ̀.

Ká sọ pé káàdì olúkúlùkù ní àkọsílẹ̀ gbogbo àwọn tí ń dá àjọ náà. Bí ìkànnì tuntun ti rí gan-an nìyí. Àwọn àkọsílẹ̀ tuntun ni a ń dì ní ìdì kọ̀ọ̀kan. Ìdì kọ̀ọ̀kan ní òǹtẹ̀ tí a ṣírò láti inú ìdì tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ìdì àtijọ́, òǹtẹ̀ kò ní bára mu mọ́, àwọn ẹ̀dà yòókù yóò sì tú àṣírí rẹ̀. Ìdì àsokọ́ra ni orúkọ tí ó bá èyí mu. Ẹ̀wọ̀n kò yẹ ẹ́, nítorí pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn òǹkàwé. Búlọ́ọ̀kù ní tirẹ̀ ti di ti bíríkìlà.

3. Ẹ̀rí láti ara Steem

Ní oṣù kẹta 2016 ni Ned Scott àti Dan Larimer dá Steem sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn dìbò fún yóò gba owó ayélujára. Èyí ni ó fa èrò wọ̀ ọ́, àwọn ọmọ Nàìjíríà kò sì gbẹ́yìn. Ogún ẹlẹ́rìí tí a dìbò yàn ni ó ń di èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìdì. Ṣùgbọ́n ìbò kò dọ́gba: bí owó ẹni bá ṣe pọ̀ tó ni ìbò rẹ̀ ṣe wúwo tó.

Ní oṣù kejì 2020, Justin Sun ra iléeṣẹ́ Steemit, tí ó ní owó Steem rẹpẹtẹ. Àwọn ẹlẹ́rìí dènà owó náà kí a má baà fi dìbò. Ní 2 oṣù kẹta, àwọn ilé pàṣípààrọ̀ kan fi owó tí àwọn oníbàárà fi sí wọn níkàáwọ́ dìbò, wọ́n sì yọ àwọn ẹlẹ́rìí nípò. Ní 20 oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ gbé ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n sì yà lọ dá Hive sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, àṣẹ kò fìgbà kan ṣàìsí. Ó ṣeé kó jọ sọ́wọ́ ẹni díẹ̀. Èkejì, nítorí pé ẹ̀dà wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn tí inú wọn kò dùn lè kó àkọsílẹ̀ wọn lọ. Aláìlólórí bo ẹ̀kọ́ kìíní mọ́lẹ̀. Alájùmọ̀ṣàkóso, tí a ṣẹ̀dá bí àjùmọ̀ní àti àjùmọ̀ṣe, gba àwọn méjèèjì, ó sì ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé: ta ni àti ta ni ó jùmọ̀ ń ṣàkóso?

4. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

(i) Ìdì: ìwọ̀nba àkọsílẹ̀ tí a dì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.
(ii) Òǹtẹ̀: àmì ìṣirò tí ó so ìdì kan mọ́ èyí tí ó ṣáájú.
(iii) Olùtọ́jú ẹ̀dà: kọ̀ǹpútà tí ó ní odidi àkọsílẹ̀.
(iv) Ìfohùnṣọ̀kan: ọ̀nà tí àwọn olùtọ́jú ń gbà fara mọ́ ìdì tuntun.
(v) Ìpẹ̀ka: pínpín àkọsílẹ̀ sí méjì. Ìtàn tí ó ṣáájú ìpínyà jẹ́ ti àwọn méjèèjì, bí ẹ̀ka méjì ti ń pín ìtì igi kan lò.

5. Ìkádìí

Ó yẹ kí olùkọ́ fi kún un pé ohun tí ó bá ti wọ inú ìdì àsokọ́ra kò ṣeé pa rẹ́ bọ̀rọ̀. Àǹfààní ni èyí fún ẹni tí a fẹ́ pa lẹ́nu mọ́; ewu ni fún ẹni tí a bà lórúkọ jẹ́. Orúkọ tí ó bá fi àkóso hàn ni yóò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí ìhà méjèèjì.