Ẹ̀KỌ́ WA: ÒGIRI TÍ WỌ́N DÀ SÍLẸ̀ KÍ WỌ́N TÓ GBÉ E DÌDE

 Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ògiri.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń da kọnkéré ògiri sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Bó bá le tán, wọ́n á gbé e nàró. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni Rudolph Schindler fi kọ́ ilé rẹ̀ ní Kalifọ́níà ní 1922.

Lóde òní, wọ́n ń fi fóòmù sáàárín kọnkéré méjì, bí àkàrà nínú búrẹ́dì. Bí fóòmù inú kúlà ṣe ń dí ooru kí yìnyín má tètè yọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún ògiri. Ó tún ń dín ìwúwo kù: kọnkéré tó jẹ́ mítà 1 ní gígùn àti ní gíga, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 20, wúwo tó nǹkan bíi kìlò 480. Bí 8 nínú 20 yẹn bá jẹ́ fóòmù, kò ní tó kìlò 300.

Bí ẹnikẹ́ni bá fi irú ògiri yìí lọ̀ wá fún ìsọ̀, ẹ jẹ́ ká bi í ní nǹkan mẹ́ta:

1. Kí ló so kọnkéré méjèèjì pọ̀? Bó bá jẹ́ irin, ooru á gba ibẹ̀ kọjá, bíi síbí irin nínú ọbẹ̀ gbígbóná.

2. Ṣé wọ́n á bo etí fóòmù? Fóòmù ń gbaná, gbogbo wa la sì mọ ohun tí iná ń ṣe lọ́jà.

3. Ṣé wọ́n á fi ọ̀pá irin ti ògiri kí kéréènì tó fi í sílẹ̀? Títí òrùlé á fi dì í mú, ọ̀pá yẹn ò gbọdọ̀ kúrò. Kẹ́nikẹ́ni má pàtẹ sábẹ́ rẹ̀ o.

Àwa tí à ń yẹ ọjà wò ká tó sanwó, ẹ jẹ́ ká yẹ ògiri náà wò.