Nọ́ńbà Lásán Ni Ṣíìpù

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń sin ológbò nílẹ̀ England, ẹ ti gbọ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2024: kí ológbò tó pé ọ̀sẹ̀ 20, ó gbọ́dọ̀ ti ní microchip lára. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ yóò rí ọjọ́ 21 gbà láti fi ṣe é. Bó bá kọ̀, ìtanràn lè tó pọ́n-ùn 500. Ológbò tí kì í jáde nílé náà wà nínú òfin yìí o.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé iṣẹ́ parí níbẹ̀. Ṣíìpù yẹn kò ju hóró ìrẹsì lọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tì í sábẹ́ awọ, láàárín èjìká méjèèjì, kò sì lè sọ ibi tí ẹran wà. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ kà á, ẹyọ nọ́ńbà 15 ló máa jáde. Inú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan ni orúkọ yín wà. Bẹ́ ẹ bá ti kó láti Peckham lọ sí Leeds, tẹ́ ẹ pààrọ̀ fóònù, tẹ́ ẹ ò sì sọ fún ilé-iṣẹ́ náà, ta ni wọ́n fẹ́ pè? Mo ti rí irú ẹran bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì dókítà: irun ń dán, ara le, ó hàn pé wọ́n ń kẹ́ ẹ nílé, àmọ́ nọ́ńbà tí a pè kò lọ mọ́. Ó dùn mí dénú.

Ẹni tó bá fi mọ́tò gbá ajá, òfin ní kó dúró, kó sì ròyìn. Ológbò kò sí nínú òfin yẹn. Bí mọ́tò bá gbá tiyín, àkọsílẹ̀ ṣíìpù ló lè mú ìròyìn dé ọ̀dọ̀ yín.

Bẹ́ ẹ bá gba ọmọ ológbò lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ gba nọ́ńbà ṣíìpù, kẹ́ ẹ sì yí orúkọ tó wà nínú àkọsílẹ̀ padà sí tiyín lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́dọọdún, bẹ́ ẹ bá lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ ní kí dókítà ka ṣíìpù náà: nígbà mìíràn ó máa ń yọ̀ lọ sí apá, ẹni tó ń kánjú kò ní rí i.

  

Ẹ wá ìwé ṣíìpù yín jáde lónìí. Bó bá ti sọnù, dókítà ẹranko lè ka nọ́ńbà náà, kó sì bá yín wá ilé-iṣẹ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.