Omele Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mọ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń lu àkúbà ní Houston, láti òde ìnáwó alẹ́ Sátidé dé ṣọ́ọ̀ṣì àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ yín yá. N kò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Etí yín ni mo fẹ́ bá wí. Kí akọrin tó sọ gbólóhùn kejì, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárà. Onígángan ń sọ̀rọ̀, ẹni tó wà nídìí dírọ́ọ̀mù ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ń sọ̀rọ̀, kò wá sí ẹni tó ń gbọ́. Gbogbo yín di ìyáàlù, ìlù kò ní omele mọ́.

Àwọn kan nínú yín sọ fún mi pé jáàsì tí wọ́n ń fi ìlù Kúbà gbé, tí wọ́n ń pè ní Latin jazz, ni àwọn fẹ́ kọ́, pé kò sí ní Houston, àfi kí àwọn lọ sí New York. Ẹ lọ bi àdúgbò Fifth Ward níbí léèrè. Níbẹ̀, nílé ẹ̀kọ́ Phillis Wheatley, ni Joe Sample tó ń tẹ dùùrù, Wilton Felder tó ń fọn saksofóònù àti Nesbert Hooper onílù, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Stix, ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ ilé ìwé, ní nǹkan bí ọdún 1954. Hubert Laws onífèrè àti Wayne Henderson bá wọn ṣe é. Nígbà tí wọ́n dé Los Angeles ni wọ́n di Jazz Crusaders, wọ́n sì gbé Freedom Sound jáde ní 1961.  New York ni Laws gbà lọ, ó wọ Juilliard, ilé ẹ̀kọ́ orin àwọn òyìnbó. Ìwé kò ní kó má ṣe jáàsì: ọmọ Houston yìí náà ló ń fọn fèrè fún Mongo Santamaría, ọmọ Havana, baba onílù àkúbà.

Ní 1965, Jazz Crusaders ṣe àwo Chile Con Soul, Laws sì padà wá fọn fèrè sí i. Ibi tí mo ń lọ nìyí. Hooper ni onílù ẹgbẹ́. Ilé rẹ̀ ni. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fẹ́ kí orin gba adùn Kúbà, wọ́n pe Carlos Vidal sídìí àkúbà, wọ́n pe Hungaria Garcia sídìí timbales. Ẹ gbọ́ àwo náà, kí ẹ fi etí sí Hooper nìkan. Ẹ wo ibi tó ti lè lu nǹkan, tí kò lù ú. Ní tèmi, ohun tí kò lù yẹn ló mú un jẹ́ ọ̀gá.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ di mú jù lọ ni Francisco Aguabella. Matanzas ní Kúbà ni wọ́n bí i sí, ní 1925. Bàtá òrìṣà ló kọ́ níbẹ̀, bàtá tí àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé kọjá òkun. Ẹgbẹ́ oníjó Katherine Dunham ló mú un kúrò nílé láàárín àwọn ọdún 1950, ó sì tẹ̀dó sí California. Ó lu ìlù fún Peggy Lee, ó lù fún Frank Sinatra. Ó di olùkọ́ ní yunifásítì UCLA, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí kò mọ Ṣàngó mọ Ọbàtálá ń jókòó síwájú rẹ̀ kọ́ bàtá. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní National Heritage Fellowship ní 1992. Les Blank ṣe fíìmù nípa rẹ̀. Los Angeles ló kú sí ní 2010.

Ẹ wá gbé Top Percussion ti Tito Puente, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1957. Aguabella wà níbẹ̀, Mongo wà níbẹ̀, Willie Bobo wà níbẹ̀, Julito Collazo wà níbẹ̀, Puente fúnra rẹ̀ wà nídìí timbales. Ọ̀gá ni gbogbo wọn. Apá kan àwo náà, ìlù àti ohùn ènìyàn ni, orin òrìṣà. Ẹ ó gbọ́ orúkọ Ẹlẹ́gbára, ẹ ó gbọ́ ti Ṣàngó. Láàárín ọ̀gá tó pọ̀ tó yẹn, ẹnì kan ò gba ọ̀nà ẹnì kejì. Ẹni tó kan láti sọ̀rọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù dúró sí ibi tí wọ́n fi wọ́n sí.

Kí ni dídúró yẹn? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ sójú ọwọ́. Tumbao ni wọ́n ń pe ìlù tí àkúbà ń lù sábẹ́ orin. Ẹ ka ení dé ẹẹ́jọ. Ọwọ́ òsì kì í kúrò lórí awọ: ìdí àtẹ́lẹwọ́ kàn án ní 1, orí ìka kàn án ní 2. Ní 3, ọwọ́ ọ̀tún gbá awọ kó dún páà. Orí ìka òsì ní 4, ìdí àtẹ́lẹwọ́ ní 5, orí ìka ní 6. Lẹ́yìn náà ni ọ̀tún lu ohùn gbangba méjì, ní 7 àti 8, kó sì ròkè. Ó parí. Ẹ tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa ń sáré 7 àti 8, torí pé ibẹ̀ ló dùn létí. Òsì yín á wá di òkú ọwọ́. Ọwọ́ òsì tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ yẹn gan-an ló ń gbé orin rìn. Bí mo bá fẹ́ mọ onílù, òsì rẹ̀ ni mo ń wò.

Igi méjì tí wọ́n ń pè ní clave ló ń darí gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ka ení dé ẹẹ́rìndínlógún, ó ń dún ní 1, 4, 7, 11 àti 13: ẹ̀ta ṣáájú, èjì tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ti jó sí agogo jùjú rí kò ní sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọn kì í jẹ́ kí orin yí i lójú dé. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ta, ẹ̀ta ni yóò máa ṣáájú. Kí ẹ tó fọwọ́ kan awọ, ẹ fi ọwọ́ pa á, kí ẹ sì fi ẹnu kọ orin lé e. Ẹ fi ti Afro Blue tí Mongo ṣe ní 1959 kún un, níbi tí ẹ̀ta ti ń bá èjì rìn. Bí ẹsẹ̀ yín bá lè tẹ ilẹ̀ ní èjì nígbà tí ẹnu yín ń ka ẹ̀ta, ẹ ti ń bọ̀.

Àwo rọ́pò ọ̀gá fún ẹni tí kò ní ọ̀gá nítòsí. Poncho Sanchez, tí wọ́n bí sí Laredo níbí ní Texas, etí ló fi kọ́ àkúbà láti inú àwo. Ní 1975 ó wọ ẹgbẹ́ Cal Tjader, kò sì kúrò nídìí ìlù ẹgbẹ́ náà títí Tjader fi kú ní 1982. Nígbà tó yá, òun náà kọ ìwé tó fi ẹ̀kọ́ àkúbà pọ̀ mọ́ bí a ṣe ń se oúnjẹ. Èmi ò mọ èwo ni àwọn ènìyàn ń torí rẹ̀ rà á.

Ẹ tún ṣọ́ awọ ìlù yín. Afẹ́fẹ́ Houston kún fún omi. Awọ á rọ̀, ẹ̀yin á fún un títí yóò fi ké. Ẹ bá wá gbé e sínú búùtù mọ́tò nínú oòrùn August, omi inú rẹ̀ á gbẹ, awọ á fà, á sì ya láìsí ẹni tó lù ú. Bí òde bá ti tú, ẹ dẹ gbogbo irin rẹ̀ kí ẹ tó gbé e sọ́kọ̀. Bí ẹ bá dé gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ jẹ́ kó jókòó díẹ̀ kí ẹ tó yí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ́ ọmọ ẹlòmíì, ẹ má kọ́ wọn ní dídárà ní oṣù àkọ́kọ́, bí àwọn òbí bá tilẹ̀ ń sọ pé owó àwọn ń ṣòfò. Ní Kúbà, okónkolo, èyí tó kéré jù nínú bàtá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ni wọ́n máa ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́. Nílé Àyàn náà, omele ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí n gbọ́ òun, kó lọ gbọ́ Top Percussion, kó wá ìlù tí kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sì wá lu ìyẹn fún mi. Apá ti Puente kò kàn mí.